Bàálù Olówó Pọ́ọ́kú Lọ sí Ọ̀nà Jíjìn: Bí Ẹ Ṣe Lè Wọ̀ Ọ́ Láì Kábàámọ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ bàálù olówó pọ́ọ́kú lọ sí ọ̀nà jíjìn, wákàtí mọ́kànlá la lò lófuurufú, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó rí owó he. Ìjókòó há díẹ̀, omi títà ni, aṣọ ìbora títà ni, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ mọ́ tónítóní, àwọn òṣìṣẹ́ lọ́yàyà, a sì balẹ̀ lásìkò. Mò ń rò ó nínú ara mi pé àwọn tó ń san owó gọbọi fún irú ìrìn-àjò yìí kàn ń fi owó wọn ṣòfò ni.

Ìgbà tí à ń padà bọ̀ ni ojú mi là. Ẹ̀rọ bàálù kọṣẹ́ kó tó gbéra. Ká ní ilé-iṣẹ́ ńlá ni, wọn ì bá wá bàálù mìíràn, tàbí kí wọ́n pín wa sínú ti àwọn alájọṣe wọn. Tiwa kò ní bàálù kankan tó jókòó lásán, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló sì ń fò lójú ọ̀nà yẹn lọ́sẹ̀. Òru méjì la sùn sí ìlú onílùú. Ọkùnrin tó tò tẹ̀lé mi ní bàálù mìíràn tó fẹ́ lọ wọ̀ níbi tí a máa balẹ̀ sí, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ló sì rà fún un. Mò ń wò ó bó ṣe ń yẹ aago wò, títí bàálù kejì yẹn fi gbéra láìsí òun nínú rẹ̀.

Mo ṣì ń wọ̀ wọ́n o. Ibi tí mò ń náwó sí ló yí padà. Ohun tí àwọn olówó gọbọi fi ju olówó pọ́ọ́kú lọ gan-an ni bàálù kejì, èyí tó máa wá gbé yín lọ́jọ́ tí àkọ́kọ́ bá kọṣẹ́. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú ti gbà láti wá bàálù kejì fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ìyẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dá lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí ẹ̀dínwó náà ti ń wá

Lójú ọ̀nà kúkúrú, bàálù olówó pọ́ọ́kú máa ń balẹ̀, á já èrò, á kó èrò mìíràn, á sì tún gbéra láàárín bí ìṣẹ́jú 30. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́, ibẹ̀ sì ni èrè wà. Ọ̀nà jíjìn kò gba irú rẹ̀. Bàálù tó bá fi wákàtí mẹ́wàá lọ, tó fi mẹ́wàá bọ̀, ọjọ́ ti ṣú. Epo náà kò mọ tálákà yàtọ̀ sí olówó. Ohun tó ṣẹ́kù fún wọn ni pé kí wọ́n fún ìjókòó mọ́ra, kí wọ́n sì máa ta gbogbo nǹkan tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Airbus A330 tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń to ìjókòó mẹ́jọ sí lórí ìlà kan, mẹ́sàn-án ni AirAsia X tò sí tirẹ̀. A350 tí wọ́n sábà ń to mẹ́sàn-án sí, mẹ́wàá ni ti French bee.

Òwò náà kò rọrùn rárá. Skytrain, bàálù olówó pọ́ọ́kú ti Freddie Laker, oníṣòwò ará Ìlú Ọba, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Gatwick ní London lọ sí New York ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977. Ní oṣù kejì ọdún 1982, ó ti wọlẹ̀. WOW air ti Iceland dákẹ́ lọ́jọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2019, tí èrò tó ti sanwó sì há káàkiri. Norwegian, ilé-iṣẹ́ bàálù ti Norway, kéde ní oṣù kìíní ọdún 2021 pé òun ò ṣe ọ̀nà jíjìn mọ́. Nínú àwọn tó ṣì ń ṣe é, Singapore Airlines ló ni Scoot, Japan Airlines ló ni ZIPAIR, Qantas ló sì ni Jetstar. Kí n tó sanwó, mo máa ń wo ẹni tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọ tó ní bàbá olówó lè jẹ gbèsè kó má sùn síta. Ẹni tó dá dúró, ìjì kan ṣoṣo lè gbé e lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣírò rẹ̀ lórí ìwé

Iye tó kọ́kọ́ hàn lójú fóònù kì í ṣe iye tí ẹ máa san. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ní apá kan, ẹ kọ tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú náà, lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ẹ máa rà mọ́ ọn: ẹrù ńlá nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹrù ńlá nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ (àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé èyí), oúnjẹ, ìjókòó tí ẹ yàn fúnra yín, owó tí wọ́n ń gbà lórí kààdì, owó ọkọ̀ dé pápákọ̀ òfuurufú tó bá jìnnà sí ìlú, hòtẹ́ẹ̀lì òru kan bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gànjọ́ ni ẹ máa balẹ̀. Ní apá kejì, ẹ kọ tíkẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ ńlá tó ti ní ẹrù àti oúnjẹ nínú.

Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa gbé ẹrù, ẹ rà á lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ ń gòkè, ibi tó sì ti wọ́n jù ni ẹnu géètì nígbà tí gbogbo èrò ti ń wọlé. Ẹ wo àkójọ tí wọ́n di ẹrù, oúnjẹ àti ìjókòó pọ̀ sí pẹ̀lú; ó sábà máa ń dín ju kí ẹ rà wọ́n ní ẹyọ ẹyọ.

Ìlànà tèmi rèé: ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjèèjì gbọ́dọ̀ tó owó hòtẹ́ẹ̀lì òru méjì níbi tí bàálù ti lè há mi mọ́. Bí kò bá tó o, ilé-iṣẹ́ ńlá ni mò ń bá lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ọjọ́

Ibí gan-an ni ẹ ti máa wá bàálù kejì tí mo wí.

Ẹ kọ́kọ́ wo iye ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà ń fò lójú ọ̀nà yín lọ́sẹ̀. Ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tẹ ọjọ́ méje tó tẹ̀ léra wò. Bí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fò, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì nìkan, ẹ mọ̀ pé bí ti ọjọ́ Ajé bá bàjẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó di ọjọ́ Ẹtì, kí ti ọjọ́ Ẹtì náà sì ti kún.

Ẹni tó ní ìgbéyàwó, ìdánwò, iṣẹ́ abẹ tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi tó ń lọ kò gbọdọ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan náà bọ́ sí, kò sì yẹ kó balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló kéré jù lójú mi. Bí ẹ kò bá lè fi ọjọ́ méjì sílẹ̀, ìrìn-àjò náà kò bá bàálù olówó pọ́ọ́kú mu, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí ẹ so pọ̀ fúnra yín tún le ju ìyẹn lọ. Ẹ ra ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, ẹ ra ti èkejì lọ́wọ́ òmíràn, ẹ wá fi wákàtí mẹ́ta sí àárín wọn. Lójú àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì, àjèjì ni wọ́n jẹ́ síra wọn. Ẹrù yín kò ní gba ibẹ̀ kọjá fúnra rẹ̀: ẹ máa jáde, ẹ máa gba ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè kọjá, ẹ máa gbé ẹrù, ẹ máa tún lọ tò láti fi í sílẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè náà bá ń béèrè físà lọ́wọ́ yín, ẹ nílò físà láti ṣe gbogbo èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kàn ń kọjá ni. Bí àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí èkejì fi lọ, ilé-iṣẹ́ kejì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kò wá, owó ti wọmi. Ẹ fi òru kan sí àárín, kí ẹ sì sùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Nígbà tí ẹ bá ń sanwó

Ẹ rà á ní ojú-òpó ilé-iṣẹ́ bàálù náà fúnra rẹ̀. Alágbàtà lè dín owó díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí aago padà, ọ̀dọ̀ alágbàtà ni íméèlì máa lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ dá owó padà, ọwọ́ alágbàtà náà ló máa gbà kọjá, ẹ̀yin á wá di bọ́ọ̀lù tí àwọn méjèèjì ń gbá síra wọn.

Ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà gẹ́lẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n ní kí orúkọ ìdílé wà, torí owó ni àtúnṣe rẹ̀ máa ń jẹ́ lọ́dọ̀ púpọ̀ nínú wọn. Ẹ yẹ àpótí kéékèèké tí wọ́n ti bá yín fàmì sí wò, ti ìbánigbófò àti ti ìjókòó, kí ẹ yọ èyí tí ẹ kò béèrè. Bí ojú-òpó bá ní òun fẹ́ bá yín ṣẹ́ owó náà sí owó orílẹ̀-èdè tí kààdì yín ti wá, ẹ kọ̀. Ẹ jẹ́ kí báńkì yín ṣẹ́ ẹ, torí iye ti ojú-òpó náà sábà máa ń wọ́n jù.

Kààdì tí báńkì lè gba owó padà lórí rẹ̀ ni kí ẹ fi san án, pàápàá kààdì àwìn bí ẹ bá ní. Rírán owó tààrà sí àpò ilé-iṣẹ́ tó lè wọlẹ̀ lọ́la kò dára. Ní Ìlú Ọba, òfin àwìn oníbàárà ti ọdún 1974, abala 75, sọ báńkì tó fún yín ní kààdì àwìn di alábàápín nínú gbèsè náà bí ohun tí ẹ rà bá ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000. Fún bàálù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà tàbí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 24 láìgba kọ́bọ̀, tàbí kí wọ́n di iye rẹ̀ mú fún yín fún wákàtí 24 kí ẹ tó sanwó, bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ wọn tààrà ní ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìrìn-àjò. Wákàtí 24 yẹn ni mo máa ń fi tún orúkọ àti ọjọ́ yẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìjókòó

Mi ò ní pẹ́ níbí. Bí ẹ bá dá rìn, tí ẹ kò sì ga, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín síbi tó bá wù wọ́n. Bí orúnkún yín bá gùn, ẹ ra ibi tí àyè ẹsẹ̀ wà, òun nìkan ni owó ìjókòó tí mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Ẹ sá fún ìlà tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Scoot àti AirAsia X ní apá kan tí wọn kì í fi ọmọdé sí, fún ẹni tó bá fẹ́ sùn. Ẹni tó bá sì ní ọmọ kékeré kó má fi ìjókòó sọ́wọ́ àbá. Kó sanwó kí wọ́n lè jókòó pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹrù àti òṣùwọ̀n

Wo ọkùnrin kan tí mo rí lẹ́nu géètì rí. Kílò 7 ni wọ́n fún wa. Báàgì onítáyà rẹ̀ rèé lórí òṣùwọ̀n: 9.4. Ó ṣí i nílẹ̀ níbẹ̀, ó yọ kóòtù, ó wọ̀ ọ́. Ó yọ kóòtù kejì, ó wọ̀ ọ́ lé e. Ó ki ẹ̀rọ ṣájà sínú àpò kan, ìwé sínú àpò kejì. Wọ́n tún un gbé: 7.6. Òógùn ti bò ó. Òṣìṣẹ́ náà kò tilẹ̀ bínú, ó kàn nawọ́ sí ẹ̀rọ ìsanwó.

Báàgì fúnra rẹ̀ ló jẹ ẹ́ níyà. Báàgì onítáyà tó le lè wọn kílò 3 lófìfo, kílò 4 péré ló wá kù fún aṣọ. Àpò ẹ̀yìn aláṣọ tí mò ń gbé kò tó kílò kan. Ẹ ra òṣùwọ̀n àfọwọ́gbé kékeré, ẹ wọ̀n ọ́n nílé, kí ẹ sì fi ìdajì kílò sílẹ̀, torí òṣùwọ̀n tiyín àti tiwọn kì í sábà fẹnu kò. Ẹ kà á dáadáa bóyá báàgì àti àpò kékeré lápapọ̀ ni iye kílò yẹn wà fún. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn, àpapọ̀ ni. Ẹ wọn gígùn àti fífẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ ka táyà àti ọwọ́ ìfàmú mọ́ ọn.

Páwà báńkì kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù ńlá láé. Ọwọ́ yín ni kó wà, kó má sì ju 100 Wh (ìwọ̀n agbára iná tó lè gbà sínú) lọ bí ẹ kò bá gba àṣẹ. Èyí tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí lára kò tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2025, Scoot kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi páwà báńkì gba iná sí fóònù nínú bàálù, àwọn mìíràn náà sì ti ṣe irú òfin yìí. Ẹ jẹ́ kí fóònù kún kí ẹ tó wọlé.

Ìgbésẹ̀ keje: Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ohun tí wọ́n ń tà nínú bàálù, ẹ gbé e láti ilé: aṣọ fífẹ̀ kan tó lè bo yín láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, oúnjẹ gbígbẹ tí kì í rùn, àti ike omi òfìfo. Ike òfìfo, torí ohun olómi tó ju mílílítà 100 lọ kì í sábà kọjá níbi àyẹ̀wò. Ẹ pọn ọ́n lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ẹ wo òfin ilé-iṣẹ́ náà lórí oúnjẹ, nítorí àwọn kan kò fẹ́ kí ẹ jẹ ohun tí ẹ gbé wá. Kò dájú pé tẹlifíṣọ̀n máa wà lẹ́yìn ìjókòó iwájú yín, nítorí náà ẹ ti wa fíìmù sórí fóònù sílẹ̀, ẹ má sì gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì òkè. Kààdì ni kí ẹ fi rajà nínú bàálù, àwọn kan kì í gba owó bébà. Oògùn yín, aṣọ ìpààrọ̀ kan àti ìwé gbogbo, inú àpò ọwọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Lójú káńtà

Kódà bí ẹ bá ti ṣe check-in lórí fóònù, ẹ lè tún nílò kí òṣìṣẹ́ yẹ ìwé yín wò kí boarding pass (ìwé tí ẹ fi ń wọ bàálù) tó jáde. Ìtanràn ń bẹ lórí ilé-iṣẹ́ tó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbojú kúrò. Ẹ tẹ físà, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ àti àdírẹ́sì ibi tí ẹ máa dé sí sórí bébà. Ìwé ìrìnnà tí kò ní tó oṣù mẹ́fà mọ́ lè dá yín padà lójú ọ̀nà sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Káńtà sábà máa ń tì ní ìṣẹ́jú 60 kí bàálù tó gbéra, kì í sì í sí ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ máa bẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni kí ẹ fi ṣáájú.

Nígbà tí ẹ bá ti gòkè, ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ gan-an. Ẹ dìde rìn, kí ẹ sì máa mi kókósẹ̀. Ìjókòó gbọọrọ tó ju wákàtí mẹ́rin lọ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ní ẹsẹ̀. Ó tán.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Bí nǹkan bá wá bàjẹ́

Bí wọ́n bá kéde pé bàálù kò lọ mọ́, gbogbo èrò á rọ́ lọ sójú káńtà. Ẹ tò pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kí ẹ máa pe ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù, kí ẹ sì ṣí áàpù rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má pariwo lé òṣìṣẹ́ lórí. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, ọ̀rọ̀ rere ló sì ń yọ obì lápò. Ní òru méjì tí mo sọ yẹn, ẹni tó kí òṣìṣẹ́ dáadáa ló kọ́kọ́ rí yàrá.

Ẹ béèrè ìdí tí bàálù kò fi lọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fi íméèlì ránṣẹ́. Ìdí yẹn lowó. Bí ẹ bá ń gbéra láti pápákọ̀ kan ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tàbí tí ẹ ń lọ síbẹ̀ nínú bàálù ilé-iṣẹ́ ibẹ̀, òfin 261 ti ọdún 2004 wà lẹ́yìn yín. Fún ọ̀nà tó ju kìlómítà 3,500 lọ sí òkèèrè, ẹni tó bá pẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ kó tó gúnlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí €600 owó gbà-má-bínú, bí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò bá tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀; bó bá wà láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n lè san ìdajì. Ìjì lè yọ ilé-iṣẹ́ kúrò nínú owó yìí. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kì í sábà yọ wọ́n: ilé ẹjọ́ Yúróòpù ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2008. Oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì jẹ́ ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ wọn, ìjì jà tàbí kò jà. Bí wọn kò bá fún yín, ẹ ra èyí tó mọ níwọ̀n, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Wọ́n lè na ìwé owó ìrìn-àjò ọjọ́ iwájú sí yín. Ẹ fara balẹ̀. Bí wọ́n bá fagi lé bàálù náà, òfin Yúróòpù ní kí ẹ yàn láàárín owó yín àti ọ̀nà mìíràn débi tí ẹ ń lọ, Amẹ́ríkà náà sì ní kí wọ́n dá owó padà fún ẹni tó bá kọ ìrìn-àjò tí wọ́n fi rọ́pò. Bí ẹ bá gba owó, ìrìn-àjò ti parí láàárín yín nìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ní iye ọjọ́ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, dídúró de bàálù wọn ló dín náwó jù.

Ti ẹrù ní aago tirẹ̀. Lábẹ́ Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, ọjọ́ méje lẹ ní láti kọ̀wé bí ẹrù bá bàjẹ́, ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí ó dé bó bá pẹ́. Èyí tí kò bá dé rárá lẹ́yìn ọjọ́ 21, ẹ lè kà á sí èyí tó sọnù. Ẹ má kúrò ní gbọ̀ngàn ẹrù láìgba ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìṣòro ẹrù sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PIR, níbi káńtà ẹrù. Nọ́ńbà kan wà lórí rẹ̀ tí gbogbo ìpè yín lẹ́yìn ọjọ́ náà máa dá lé; ẹ yà á ní fọ́tò pẹ̀lú bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ boarding pass nígbà tí ẹ fi ẹrù sílẹ̀, kí ẹ tó jáde síta.